Àwọn onímọ̀ ìṣèlú tó gbé ọ̀rọ̀ wa yẹ̀wò: kí ni wọ́n rí ní Ìbàdàn, kí ni wọ́n rí ní Ilé-Ifẹ̀?

Tí ọmọ kan ní Ìlàrè bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé Political Science lòun fẹ́ lọ kà ní OAU, ohun tí ìyá máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé òṣèlú lo wá fẹ́ ṣe ni?" Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Olóṣèlú ń wá ipò. Onímọ̀ ìṣèlú ń wá ìdí. Kí ló dé tí ìlú kan fi lè jà títí ẹ̀mí á fi ṣòfò lórí ibi tí wọ́n máa kọ́ sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ sí, tí ìlú yẹn kan náà kò sì ní jà lórí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì? Kí ló dé tí ẹni tí kò jẹ́ fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ àdúgbò fi lè kó owó káńsù jẹ láìbojú wẹ̀yìn?

Mi ò kàn hùmọ̀ ìbéèrè méjèèjì yìí láti orí ara mi o. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbìyànjú láti dáhùn wọn ti di ẹni tí wọ́n ń kà kárí ayé. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ni ní Ìbàdàn nígbà tó kọ ìdáhùn tirẹ̀. Èkejì kó ẹrù wá láti Amẹ́ríkà, ó wá gbé Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀kọ́ náà, níbo ló ti wá?

Ẹ̀kọ́ nípa ìṣèjọba ti pẹ́ gan-an. Wọ́n ní Aristotle, ará Gíríìsì ayé àtijọ́, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kó ètò ìṣèjọba ìlú 158 jọ kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Àmọ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, tó ní ọ̀jọ̀gbọ́n tirẹ̀, tó ní ẹgbẹ́ àti ìwé ìròyìn tirẹ̀, ọmọ àìpẹ́ ni. Ọdún 1895 ni wọ́n dá London School of Economics sílẹ̀, 1903 sì ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣèlú ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀. Òfin àti ìtàn ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́: kí ni ìwé òfin sọ, ta ló yẹ kó ṣe kí ni.

Ìgbà tó yá ni àwọn kan ní Amẹ́ríkà sọ pé ohun tí ìwé òfin sọ kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀, pé ohun tí èèyàn ń ṣe gan-an ló yẹ ká máa wò. Harold Lasswell gbé ìwé kan jáde ní 1936 tí àkọlé rẹ̀ ti tú gbogbo iṣu délẹ̀ ìkòkò: *Politics: Who Gets What, When, How*. Ta ló ń rí kí ni gbà, nígbà wo, báwo ló sì ṣe rí i gbà. Ẹni tó bá ti jókòó sí ìpàdé àdúgbò rí, níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ ojúlé tí wọ́n máa gbé tiransífọ́mà tuntun sí, mọ ohun tí Lasswell ń wí.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ń gba òmìnira lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sí ilẹ̀ wa. James Coleman tẹ ìwé rẹ̀ lórí bí ìjàǹgbara òmìnira ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà jáde ní 1958, a ò tíì gba òmìnira nígbà náà. Richard Sklar tẹ̀ lé e ní 1963 pẹ̀lú *Nigerian Political Parties*, ìwé gbẹ̀ǹgbẹ̀ lórí Action Group, NCNC àti NPC. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òṣèlú Adégòkè Adélabù ṣe rí ní Ìbàdàn, tàbí bí Action Group ṣe rìn pẹ̀lú àwọn ọba, ibẹ̀ ni á ti kọ́kọ́ wò. Títí di òní, ìwé yẹn kò gbó.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, John Mackintosh, ará Scotland, wà lára àwọn tó kọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó padà sílé, ó sì wọ ilé aṣòfin Bìrìtìkó ní 1966. (Nítorí náà ìyá ọmọ Ìlàrè yẹn náà kò ṣì pátápátá.) Ẹni tó sọ ẹ̀kọ́ náà di ti ọmọ Nàìjíríà níbẹ̀ ni Billy Dudley. Ìwé rẹ̀ lórí òṣèlú Àríwá jáde ní 1968. Ní 1973 ó tún gbé òmíràn jáde lórí rúkèrúdò tó gba ìjọba àkọ́kọ́ lọ, ó sì lo ìṣirò bí ọlọ́pọ́n ayò ṣe ń ronú ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ máa ṣe láti fi ṣàlàyé ìdí tí àwọn olóṣèlú wa kò fi lè gbà fún ara wọn. Ó kú ní 1980. Ìwé tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi mọ̀ ọ́n, *An Introduction to Nigerian Government and Politics*, kò jáde títí di 1982. Ọdún 1973 yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣèlú Nàìjíríà sílẹ̀.

Ekeh: owó ẹgbẹ́ àti owó ìjọba

Ní 1975, Peter Ekeh, ọmọ Urhobo tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn ọ̀mọ̀wé. "Colonialism and the Two Publics in Africa" ni orúkọ rẹ̀. Ká sòótọ́, tí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí onímọ̀ ìlú wa kọ tó sì yí bí ayé ṣe ń ronú nípa Áfíríkà padà, èyí ni màá mú. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni Ekeh kọ́kọ́ kà, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣèlú, àmọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú ló ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ìṣèlú ló sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ra jù.

Ohun tó sọ rèé. Ní Yúróòpù, ìwà tí èèyàn ń hù nílé àti èyí tó ń hù ní ìta gbangba, ìlànà kan náà ló ń darí wọn. Ní ilẹ̀ wa, ìta gbangba méjì la ní. Àkọ́kọ́ ni ti ìlú ẹni, ẹbí ẹni, ẹgbẹ́ ọmọ bíbí. Níbẹ̀, èèyàn ń san owó, ó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀, kò sì retí kí wọ́n san án padà fún un ní owó. Ohun tó ń rí gbà níbẹ̀ ni pé òun náà lẹ́nìkan, òun náà níbi tí wọ́n ti bí òun. Ẹni tó bá jí owó ibẹ̀, ojú á tì í, ojú á ti àwọn ọmọ rẹ̀. Èkejì ni ti ìjọba: iléeṣẹ́ ọba, káńsù, ọlọ́pàá, ọ́fíìsì. Òyìnbó ló gbé e dé, kò sì fi ọ̀ranyàn ìwà rere kankan mọ́ ọn lọ́kàn wa. Níbẹ̀, gbígbà ni èèyàn ń rò, kò ro fífúnni. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ pé iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é làágùn. Ọ̀rọ̀ táwa ń fi rẹ́rìn-ín, Ekeh fi kọ́ odindi ìmọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá mú jù ni pé ẹnì kan náà ló wà nínú ìta gbangba méjèèjì. Akápò ẹgbẹ́ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo náírà tó wọlé lọ́jọ́ Àìkú, òun náà ló ń buwọ́ lu ayédèrú ìwé owó lọ́jọ́ Ajé. Tó bá sì kó lára owó ọjọ́ Ajé wá sílé láti fi tún ọ̀nà àdúgbò ṣe, wọ́n á fi oyè dá a lọ́lá. Lójú àwọn ará ilé, kò jalè. Ó lọ gba tiwa wá ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bá Ekeh jiyàn. Wọ́n ní owó ẹgbẹ́ ọmọ bíbí náà ń pòórá, pé a ti rí ìpàdé tó fi ẹ̀ṣẹ́ tú ká lórí ìwé ìṣirò owó. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo bí ariwo tó ń sọ níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, kí ẹ wá fi wé bí a ṣe ń dákẹ́ lórí bílíọ̀nù. Ariwo yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé Ekeh rí nǹkan.

Ekeh lọ kọ́ni ní Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York lẹ́yìn náà. Ó kú ní 2020.

Ẹnì kan tó yẹ ká dárúkọ pẹ̀lú rẹ̀ ni Richard Joseph, tí wọ́n bí ní Trinidad, tó kọ́ni ní Ìbàdàn láàárín 1976 sí 1979. Ìwé rẹ̀ lórí ìjọba Shagari àti bó ṣe ṣubú jáde ní 1987. Òun ló sọ pé ní Nàìjíríà, ipò ìjọba dà bí oko tí wọ́n pín fún èèyàn kó máa jẹ nínú rẹ̀, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀. Ó yá ọ̀rọ̀ kan lò láti ọ̀dọ̀ Max Weber ará Jámánì, ọ̀rọ̀ tó ní í ṣe pẹ̀lú owó oyè tí wọ́n ń fún àwọn òjíṣẹ́ ọba láyé àtijọ́. Tí ẹ bá gbọ́ tí oníròyìn kan sọ "prebendal" lórí tẹlifíṣọ̀n, Joseph ló kọ́ ọ.

Ará Amẹ́ríkà tó wá gbé Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wá sílé báyìí. Ìlàrè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò ńlá tí Ilé-Ifẹ̀ pín sí, bíi Ìrẹ̀mọ, Mọ̀ọ̀rè, Òkèrèwè àti Ìlódè. Lónìí, orúkọ rẹ̀ wà lára orúkọ àwọn wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń dìbò ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ̀ Central. Ẹ wọ agboolé kan níbẹ̀, ẹ máa rí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ Alhaji, àbúrò tó jẹ́ díákónì, àti bàbá àgbà tí kò tíì gbàgbé ọdún òrìṣà ilé wọn. Lójú wa, kò sí ìròyìn kankan níbẹ̀. Ṣé ohun ìyanu wá ni?

Fún David Laitin, ìyanu ni. Wọ́n bí i ní 1945, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì dá lórí èdè àti òṣèlú ní Sòmálíà. Ní 1979 sí 1980 ó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ohun tó gbé e wá ni àríyànjiyàn tó wáyé níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé òfin tuntun ní 1978. Àwọn aṣojú Mùsùlùmí láti Àríwá bínú jáde nítorí ọ̀rọ̀ kóòtù Sharia ti àpapọ̀. Gbogbo Nàìjíríà di àyà mú. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ńkọ́? Wọn ò tẹ̀ lé wọn lọ ní ọ̀wọ́, ọ̀nà tí àwọn méjèèjì á fi gbọ́ ara wọn yé ni wọ́n ń wá. Laitin wá bi ara rẹ̀ pé: láàárín Yorùbá, Mùsùlùmí pọ̀, Kírísítẹ́nì pọ̀, iye wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Níbòmíràn láyé, irú ìpín bẹ́ẹ̀ á ti di ẹgbẹ́ òṣèlú méjì, á ti di ogun. Kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀ níbí?

Ó lọ sí mọ́sálásí, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ wáàsù, ó bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè. Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ní 1986 ni *Hegemony and Culture*. Ìdáhùn rẹ̀ kò jọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ, pé "àwa Yorùbá ní sùúrù, a ní òye." Laitin ní rárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù. Ìlú baba ẹni ló gba ipò náà mọ́ ẹ̀sìn lọ́wọ́. Yorùbá kò bi ẹnì kan pé mọ́sálásí wo ló ń lọ kó tó mọ ẹgbẹ́ tó wà, ọmọ ìlú wo ló jẹ́ ló ń bi í. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ èyí di òfin tí kò ṣeé yí: nígbà tí wọ́n dé lẹ́yìn àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú àti ọba ìlú ni wọ́n gbé ìṣàkóso lé, nítorí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ìjọba, orúkọ ìlú rẹ̀ ló máa fi gbà á. Ẹ̀sìn kò rówó, kò rílẹ̀ pín.

Àbí ẹ rí i? Kò sọ pé Yorùbá kì í jà. Ó sọ ohun tí Yorùbá ń jà lé lórí. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ilé-Ifẹ̀ tàbí Modákẹ́kẹ́ kò nílò ìwé láti mọ èyí. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 1981, ó tún bẹ́ ní 1983. Ní ìparí 1996, ìjọba ológun Abacha dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ̀ East sílẹ̀. Wọ́n gbé olú ilé rẹ̀ kiri láàárín Modákẹ́kẹ́ àti Ẹnuwá, kó tó wá kan Òkè-Ogbó. Ní 1997 ogun bẹ̀rẹ̀, kò sì rọlẹ̀ tán títí di 2000. Ilé jóná, èèyàn kú, àwọn ọmọ pàdánù iléèwé. Mùsùlùmí wà níhà ìhín, Mùsùlùmí wà níhà ọ̀hún. Kírísítẹ́nì bákan náà. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ẹ̀sìn ẹnìkejì gbà là. Ta ló ń rí kí ni gbà, níbo ni wọ́n máa gbé e sí: Lasswell àti Laitin pàdé ní Òkè-Ogbó.

Oyèlẹ́yẹ Oyèdìran, onímọ̀ ìṣèlú tiwa, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ nínú òṣèlú Ifẹ̀ láti 1974, ọdún méje ṣáájú ìjà 1981. Ó máa ń dùn mí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ fa ìlà ìjọba ìbílẹ̀ sórí máàpù.

Èmi ní ìjà kan pẹ̀lú Laitin ṣá. Ó gbé agbára fún Gẹ̀ẹ́sì jù. Agboolé ti wà kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ìdílé kan ṣoṣo sì ti ń gba Ìmàle àti onígbàgbọ́ sínú kí ajẹ́lẹ̀ tó mọ ọ̀nà Ifẹ̀. Ìbéèrè kejì ni bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dá àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí láre láti máa lo híjáàbù níléèwé ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kíláàsì ní Baptist High School, Ìwó. Fọ́tò náà yí gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì ká, ẹ̀yin náà pín in. Ní ìpínlẹ̀ tiwa nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí ìbò dé, a kò rí ẹgbẹ́ òṣèlú Mùsùlùmí tàbí ti Kírísítẹ́nì ní Ọ̀ṣun. Laitin ṣì ń mí, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Yunifásítì Stanford. Àpilẹ̀kọ tí òun àti James Fearon kọ ní 2003 lórí ìdí tí ogun abẹ́lé fi ń bẹ́ sílẹ̀ wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣèlú ń tọ́ka sí jù. Ní 2021, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Johan Skytte láti Sweden, ẹ̀bùn tó tóbi jù nínú iṣẹ́ wọn.

Ake kò gbà

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú wọn dùn pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá wò wá. Claude Ake, tí wọ́n bí ní Omoku ní ìpínlẹ̀ Rivers ní 1939, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia ní 1966, ó sì mọ ilé wọn dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jà. Àkọlé ìwé rẹ̀ ti 1979 kò fi nǹkan kan pamọ́: *Social Science as Imperialism*. Ó ní ìmọ̀ tí wọ́n gbé fún wa nípa "ìdàgbàsókè" jẹ́ ọ̀nà láti mú wa gbà pé ibi tí àwọn wà ni gbogbo ayé ń lọ, pé ohun tó kù fún wa kò ju ká máa sáré tẹ̀ lé wọn. Nínú ìwé rẹ̀ ìkẹyìn, *Democracy and Development in Africa*, ó tún ní ẹ má wulẹ̀ wádìí ìdí tí ìdàgbàsókè fi kùnà. Àwọn tó wà lórí àlééfà kò fìgbà kan gbé e sí ọkàn, ipò wọn ni wọ́n ń dì mú.

Ake kò kàn kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwádìí àyíká Niger Delta tí Shell dá sílẹ̀, àmọ́ nígbà tí ìjọba Abacha pa Ken Saro-Wiwa ní oṣù kọkànlá 1995, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7, oṣù kọkànlá, ọdún 1996, ọkọ̀ òfuurufú ADC tó gbé e láti Port Harcourt bọ̀ ní Èkó já sí ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀jìrìn. Kò sí ẹni tó yè níbẹ̀.

Ti Ifẹ̀ fúnra rẹ̀

Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962 ní Ìbàdàn, ó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, ó sì di Obafemi Awolowo University ní 1987. Ibi tí ó ti tayọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ladipọ Adámólékùn, tó ti jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Administration níbẹ̀, kọ̀wé lórí ìjọba Sékou Touré ní Guinea, ó kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọba ní Nàìjíríà, ó tún lọ ṣiṣẹ́ ní World Bank. Ìṣòro tí Ekeh rí láti òkèèrè, pé kò sẹ́ni tó ń làágùn níbi iṣẹ́ ọba, òun ni Adámólékùn ń wá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe láti inú ọ́fíìsì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, ọmọ Ifẹ̀wàrà tó wà nítòsí wa níbí, gba ọ̀nà mìíràn. Ó darí iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, NIIA, láti 1975 sí 1983, ó sì di mínísítà ilẹ̀ òkèèrè ní 1985. Ètò TAC tó ń rán àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tó kàwé lọ ran orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Caribbean lọ́wọ́, ìgbà tirẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ó sì wà títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ "japa" lọ́nà tó bófin mu, ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Ibi tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ti pàdé onímọ̀ ìṣèlú láìmọ̀ ni ibùdó ìdìbò. Eme Awa ni alága àjọ elétò ìdìbò láti 1987. Humphrey Nwosu gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1989, òun ló sì ṣètò ìbò June 12, 1993 tí Babangida fagi lé. Attahiru Jega, tó ti jẹ́ ààrẹ ASUU, darí INEC láti 2010 sí 2015. Òun ló gbé ẹ̀rọ tó ń yẹ káàdì ìdìbò wò dé, òun náà ló jókòó jẹ́ẹ́ lọ́dún 2015 nígbà tí Orúbebe gba maíkì tó ń pariwo. Ọ̀mọ̀wé ìmọ̀ ìṣèlú ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, kó má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Laitin, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le díẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ekeh. Ojú ewé méjìlélógún péré ni, èèyàn lè kà á tán lójú ọ̀nà láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, tí kò bá sí gósílóò ní Àṣejìrẹ́.